Wọ́n Kọ Ìfàkalẹ̀ Tí Ọ̀gá Mi Ṣe ní Ọsirélíà: Ta Ló Lè Pè fún Àtúnyẹ̀wò?

Lẹ́tà tó dé ọ̀dọ̀ wa lórí físà iṣẹ́ ilẹ̀ Ọsirélíà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi gbogbo ojú ewé ìbéèrè àti ìdáhùn ti oṣù yìí sílẹ̀ fún un. A ti yọ orúkọ àwọn tó kọ̀wé kúrò, a sì gé àwọn lẹ́tà náà kúrú, ṣùgbọ́n a kò yí ìbéèrè ẹnikẹ́ni padà.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làákàyè. Mẹkáníìkì ni mí ní gáréèjì kan ní Perth, físà 482, èyí tí agbanisíṣẹ́ fi ń gba òṣìṣẹ́ láti òkè òkun fún ìgbà díẹ̀, ni mo sì fi ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ọ̀gá mi fà mí kalẹ̀ fún físà 186, èyí tí yóò jẹ́ kí n lè máa gbé ilẹ̀ yìí títí lọ, èmi náà sì ti fi ìwé físà tèmi sílẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n kọ ìfàkalẹ̀ ọ̀gá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ímeèlì ránṣẹ́ sí èmi pé kí n sọ ohun tí mo bá ní í sọ lórí físà mi, tàbí kí n fà á sẹ́yìn. Mo ti kó ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ mi, èsì ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì mi àti lẹ́tà ìdúpẹ́ àwọn oníbàárà jọ láti fi pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lórí ìfàkalẹ̀ náà. Ọ̀gá ní òun ti ṣe ipa tòun, kí èmi lọ ṣe ìyókù. Ṣé mo lè dá a ṣe? — *Mẹkáníìkì, Perth*

Ìdáhùn: Ẹ kò lè dá a ṣe. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tètè lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀gá yín, nítorí bí òun kò bá gbé ẹsẹ̀, kò sí ẹlòmíràn tí òfin gbà láyè láti bá a gbé e.

Ìfàkalẹ̀, èyí tí gbogbo ènìyàn níbẹ̀ ń pè ní nomination, kì í ṣe ìwé òṣìṣẹ́. Ìwé agbanisíṣẹ́ ni. Agbanisíṣẹ́ ló ń fi í sọ fún Department of Home Affairs, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ físà, pé iṣẹ́ kan wà lọ́dọ̀ òun, pé iṣẹ́ náà kì í ṣe àdábọwọ́, pé òun ní owó tí òun yóò máa fi san owó oṣù rẹ̀, àti pé lágbájá ni òun fẹ́ gbà sí i. Ẹni tó tọrọ nǹkan tí wọn kò fún un ni òfin gbà pé ó lè bèèrè pé kí wọ́n tún un wò. Nítorí náà, agbanisíṣẹ́ tó fi ìfàkalẹ̀ sílẹ̀ nìkan ló ní ẹ̀tọ́ láti pè é fún àtúnyẹ̀wò nígbà tí wọ́n bá kọ̀ ọ́. Òṣìṣẹ́ lè jẹ́ ẹlẹ́rìí, ó sì lè kọ ìwé tí agbanisíṣẹ́ yóò fi kún ẹ̀rí tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè jẹ́ olùpẹ̀jọ́.

Ibi tí wọ́n ń gbé e lọ ni Administrative Review Tribunal, ìgbìmọ̀ atúnyẹ̀wò tí a ó máa pè ní ART láti ìsinsìnyí lọ, tó gba ipò AAT, ìgbìmọ̀ tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí tẹ́lẹ̀, ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹwàá, ọdún 2024. Ọjọ́ 28 ni òfin fi sílẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n bá ti fi ìpinnu tó agbanisíṣẹ́ létí, ART kò sì ní agbára láti fi ọjọ́ kan ṣoṣo kún un, ì báà jẹ́ pé ara ọ̀gá kò yá, ì báà jẹ́ pé ímeèlì náà sọnù sáàárín àwọn ìpolówó. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé ímeèlì tí ìjọba bá fi ránṣẹ́ sí aṣojú tí agbanisíṣẹ́ yàn láti máa gba ìwé fún un ti di ohun tí agbanisíṣẹ́ fúnra rẹ̀ gbà. Láti ibẹ̀ ni ọjọ́ ti ń lọ, kódà bí aṣojú náà kò bá tíì pe ọ̀gá lórí fóònù. Ẹ bá ọ̀gá yín wo ọjọ́ tó wà lórí lẹ́tà náà gan-an, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹnì kan sọ fún yín.

Ímeèlì tí ẹ̀yin gbà ní ọ̀nà méjì nínú, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ohun tó ń náni. Bí ẹ bá fa ìwé físà yín sẹ́yìn kí wọ́n tó kọ̀ ọ́, kò ní sí ìpinnu tí wọ́n kọ̀ lórí orúkọ yín, ṣùgbọ́n kò ní sí ohunkóhun tí ẹ lè gbé lọ sí ART pẹ̀lú, físà agbede-méjì (bridging visa) tí ẹ gbà nítorí ìwé náà, èyí tó ń jẹ́ kí ẹ lè máa gbé nílẹ̀ náà nígbà tí ẹ ń dúró de ìpinnu, yóò sì dópin ní ọjọ́ 35 lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹ kò bá fà á sẹ́yìn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé wọn yóò kọ físà náà, nítorí kò sí ìfàkalẹ̀ tí wọ́n fọwọ́ sí lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà náà ni ẹ̀yin náà yóò ní ọjọ́ 28 tiyín láti pe ìpinnu lórí físà fún àtúnyẹ̀wò, físà agbede-méjì náà yóò sì lè máa bá a lọ títí ART yóò fi parí ọ̀rọ̀. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tí wọ́n kọ físà rẹ̀ nígbà tó wà nínú Ọsirélíà, tí kò sì ní físà mìíràn lọ́wọ́ mọ́ yàtọ̀ sí ti agbede-méjì, kò ní lè béèrè fún púpọ̀ nínú àwọn físà yòókù láì kọ́kọ́ jáde kúrò nílẹ̀ náà. Ẹ wo bóyá físà 482 yín ṣì wà láàyè, kí ẹ sì mọ ọjọ́ tí yóò parí, kí ẹ tó mú ọ̀nà kan nínú méjèèjì.

Àtúnyẹ̀wò méjì ló wà níbí, owó ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni wọ́n ń san fún wọn. Ti físà jẹ́ tiyín, ti ìfàkalẹ̀ jẹ́ ti ọ̀gá. Ẹ lè jàre lórí gbogbo ohun tó kan yín, Gẹ̀ẹ́sì, ọjọ́ orí, ìmọ̀ iṣẹ́, ìwà, ìlera, kí ẹ sì pàdánù síbẹ̀, nítorí físà 186 so mọ́ ìfàkalẹ̀ kan pàtó, ìyẹn èyí tí ẹ kọ sínú ìwé físà yín. Bí ọ̀gá bá ṣe ìfàkalẹ̀ tuntun lọ́la, tí wọ́n sì fọwọ́ sí i lọ́túnla, kò lè gba ìwé físà ti àtijọ́ là. Ìwé físà tuntun ni ẹ ó tún kọ, pẹ̀lú owó tuntun. Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná.

Ti físà 482 tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ fún òṣìṣẹ́. Níbẹ̀, bí wọ́n bá kọ físà, òṣìṣẹ́ kò tilẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti dé iwájú ART àyàfi bí ó bá jẹ́ pé, ní ọjọ́ tó ń fi ìwé àtúnyẹ̀wò sílẹ̀, ìfàkalẹ̀ kan tí wọ́n fọwọ́ sí wà tó dárúkọ rẹ̀, tàbí pé agbanisíṣẹ́ ti gbé ìfàkalẹ̀ tàbí ọ̀rọ̀ ìgbọ̀wọ́, ìyẹn àṣẹ láti máa gba òṣìṣẹ́ láti òkè òkun, lọ síwájú ART tí wọn kò sì tíì parí rẹ̀. Ọ̀gá tó bá jẹ́ kí ọjọ́ 28 tirẹ̀ kọjá ti ti ilẹ̀kùn mọ́ òṣìṣẹ́ rẹ̀ lójú nìyẹn.

Nípa àwọn ìwé tí ẹ kó jọ, ẹ tọ́jú wọn sí fáìlì físà. Ohun tó lè ran ìfàkalẹ̀ lọ́wọ́ láti ọ̀dọ̀ yín ni ohun tó fi hàn pé iṣẹ́ náà wà: káàdì iṣẹ́ tí ẹ kọ orúkọ sí fún ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan tí ẹ tún ṣe, ìwé àkókò tí ẹ ń wọlé tí ẹ sì ń jáde, ìwé owó oṣù. Lẹ́tà tí oníbàárà kọ pé ọmọlúàbí ni yín dùn mọ́ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí wọ́n bi ọ̀gá yín nìyẹn.

Ìbéèrè: Mo ní ilé ìtajà tó ń ta àga àti tábìlì ní Brisbane, èmi àti òṣìṣẹ́ mẹ́rin la wà níbẹ̀. Mo fa ọ̀dọ́mọkùnrin kan kalẹ̀ fún físà 482 gẹ́gẹ́ bí onímọ̀ ìpolówó ọjà. Iléeṣẹ́ ìjọba kọ̀ ọ́, wọ́n ní àwọn kò gbà pé irú iléeṣẹ́ tèmi nílò ẹni bẹ́ẹ̀, pé ipò náà kì í ṣe òótọ́. Inú bí mi gidigidi, nítorí n kò purọ́. Lọ́yà kan ní kí n gbé e lọ sí ART, èkejì ní kí n má fi àkókò ṣòfò, kí n kàn ṣe ìfàkalẹ̀ tuntun. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀ nínú wọn? — *Oníṣòwò, Brisbane*

Ìdáhùn: Àwọn méjèèjì lè jàre. Ohun tó wà nínú lẹ́tà tí wọ́n fi kọ̀ ọ́ ni yóò sọ ẹni tí ẹ ó gbọ́ tirẹ̀, nítorí àbùkù kan wà tí ART lè wò sàn, òmíràn sì wà tí kò sí oògùn rẹ̀ níbẹ̀.

ART kì í kàn wò bóyá òṣìṣẹ́ ìjọba ṣe àṣìṣe. Ó ń jókòó sí àga òṣìṣẹ́ náà, ó ń ṣí fáìlì láti ojú ewé kìn-ín-ní, ó ń gba ẹ̀rí tí òṣìṣẹ́ náà kò rí, ó sì ń ṣe ìpinnu tirẹ̀ lórí bí nǹkan ṣe rí ní ọjọ́ tó ń ṣe é. Bí òtítọ́ ipò náà bá jẹ́ ìṣòro kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ tó ṣeé túnṣe ni, nítorí ẹ̀rí lásán ló sábà máa ń kù. Ohun tí mo ń rí nínú irú ẹjọ́ báyìí ni pé agbanisíṣẹ́ a kọ lẹ́tà gígùn tó kún fún ìbínú, a sì fi ìwé kan ṣoṣo tì í lẹ́yìn. Ìbínú kì í ṣe ẹ̀rí.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ọmọ ìgbìmọ̀ ART yóò ṣe yẹ iṣẹ́ yín wò. Yóò mú ìwé tí ẹ fi ṣàlàyé iṣẹ́ náà lọ́wọ́ kan, èyí tó sọ pé ọ̀dọ́mọkùnrin yìí yóò máa ṣe ìwádìí ọjà, yóò máa gbé ètò ìpolówó kalẹ̀, yóò sì máa díwọ̀n èrè tó ti ibẹ̀ wá. Yóò fi í wé ohun tí ANZSCO, ìwé tí Ọsirélíà àti New Zealand fi to iṣẹ́ gbogbo sí ìsọ̀rí, sọ nípa iṣẹ́ náà. Bí ọ̀rọ̀ inú méjèèjì bá jọra láti ibẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí ẹni pé ẹ dà á kọ, ara yóò fu ú. Lẹ́yìn náà ni yóò wo ìwé ìpín iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan. Bí ó bá rí i níbẹ̀ pé onímọ̀ ìpolówó yìí wà nídìí ibi tí wọ́n ti ń gba owó láti Ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́ Ẹtì, tó sì bá awakọ̀ gbé àga lọ fún oníbàárà ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ẹjọ́ ti parí nínú ọkàn rẹ̀. Yóò bèèrè lọ́wọ́ yín pé, “Ta ló ṣe ìpolówó yín lóṣù tó kọjá?” Ẹ gbọ́dọ̀ lè dá a lóhùn láì wo ojú lọ́yà.

Nítorí náà, ohun tí ẹ ó kó lọ ni àwòrán tó fi ipò gbogbo òṣìṣẹ́ hàn àti ẹni tí ń jábọ̀ fún ẹnì kejì. Iye tí ẹ ná lórí ìpolówó kí ẹ tó gbèrò láti gba ẹni yìí àti ẹni tó ń ṣe é nígbà náà. Ohun tó yí padà nínú òwò yín tó fi di pé ẹ nílò ẹni tí kò ní iṣẹ́ mìíràn, bóyá ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí ẹ ti ṣí ẹ̀ka kejì. Àti ìwé ìròyìn owó-orí tí ẹ fi ń ránṣẹ́ sí Australian Taxation Office, èyí tí yóò fi hàn pé owó ń wọlé tó bí ẹ ṣe sọ. Iléeṣẹ́ kékeré kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Bí iléeṣẹ́ kékeré kò bá wá ṣàlàyé ohun tí òṣìṣẹ́ ńlá fẹ́ wá ṣe níbẹ̀, ibẹ̀ ni ìfura ti ń wọlé.

Ẹ wá wo ti àbùkù tí kò lóògùn. Fún físà 482, òfin ní kí ẹ ti kéde iṣẹ́ náà nínú Ọsirélíà kí ẹ tó fi ìfàkalẹ̀ sílẹ̀, àyàfi bí àdéhùn òwò tí Ọsirélíà bá orílẹ̀-èdè kan ṣe bá yọ òṣìṣẹ́ náà sílẹ̀. Ìkéde méjì ni ó kéré tán, kí ó wà níta fún ọjọ́ 28 ó kéré tán, láàárín oṣù mẹ́fà tó ṣáájú ọjọ́ tí ẹ fi ìwé sílẹ̀. Oṣù mẹ́rin ni tẹ́lẹ̀ kí òfin tó yí padà ní ìparí ọdún 2024. Ìkéde náà gbọ́dọ̀ sọ irú iṣẹ́ tó jẹ́, ìmọ̀ tí ẹni tó fẹ́ ṣe é gbọ́dọ̀ ní, orúkọ agbanisíṣẹ́ tàbí ti iléeṣẹ́ tó ń bá a wá òṣìṣẹ́, àti iye owó iṣẹ́ náà bí kò bá tó 96,400 dọ́là lọ́dún. Bí ìkéde yín bá lo ọjọ́ 20 péré níta kí ẹ tó mú un kúrò, kò sí lẹ́tà, kò sí ìbúra, kò sí akáǹtáǹtì tó lè sọ ọjọ́ 20 di 28 níwájú ART. Ohun tó yẹ kó ti ṣẹlẹ̀ kí ìwé tó wọlé ni, kò sì ṣẹlẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ìmọ̀ràn lọ́yà yín kejì bá mu: kó ṣe ìkéde tuntun dáadáa, kó sì ṣe ìfàkalẹ̀ tuntun.

Owó iṣẹ́ náà kò gba àlàyé púpọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ń ṣubú síbẹ̀. Lábẹ́ ìpín iṣẹ́ tó ń jẹ́ Core Skills, owó ọdún tó kéré jù lọ fún ìfàkalẹ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ láàárín ọjọ́ 1, oṣù Keje, ọdún 2025 àti ìparí oṣù Kẹfà, ọdún 2026 ni 76,515 dọ́là. 73,150 ni ṣáájú rẹ̀, ó sì máa ń yí padà ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Keje. Owó ìfẹ̀yìntì tí agbanisíṣẹ́ ń dá sí àpò òṣìṣẹ́ kò sí nínú iye yìí. Kíka iye náà pé nìkan kò sì tó: ẹ gbọ́dọ̀ fi hàn pé ohun tí ẹ ń san fún un kò kéré sí ohun tí ọmọ Ọsirélíà tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà níbi kan náà ń gbà. Bí ẹ kò bá ní irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ yín, ẹ kó ìkéde iṣẹ́ àwọn iléeṣẹ́ mìíràn jọ láti fi ṣe ẹ̀rí.

Ní ti owó, ìwé àtúnyẹ̀wò ní ART ju 3,000 dọ́là lọ, wọ́n sì máa ń dá ìdajì rẹ̀ padà fún ẹni tó bá jàre. Ìfàkalẹ̀ tuntun fún físà 482 jẹ́ 330 dọ́là, ṣùgbọ́n ẹ ó tún san owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń pè ní Skilling Australians Fund, èyí tó jẹ́ 1,200 dọ́là fún ọdún kọ̀ọ̀kan tí ẹ fẹ́ fi gba òṣìṣẹ́ náà bí owó tó ń wọlé fún yín lọ́dún kò bá tó mílíọ̀nù 10 dọ́là, tàbí 1,800 bí ó bá tó bẹ́ẹ̀. Ti àkókò ló wúwo jù: ART lè gba ọ̀pọ̀ oṣù, nígbà mìíràn ó máa ń ju ọdún kan lọ.

Èrò tèmi rèé. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin náà bá wà lókè òkun, tí kò sí físà tirẹ̀ tó ń dúró dè yín, ẹ ṣe ìfàkalẹ̀ tuntun pẹ̀lú ẹ̀rí tí mo kà sókè yìí. Bí ó bá wà ní Brisbane, tí ìwé físà rẹ̀ sì wà níbi tó ń dúró de ìfàkalẹ̀ yín, ẹ fi ìwé àtúnyẹ̀wò sílẹ̀ kí ọjọ́ 28 tó pé, nítorí ẹ̀tọ́ rẹ̀ láti dé ART so mọ́ tiyín. Kò sí ohun tó ní kí ẹ má ṣe ìfàkalẹ̀ tuntun nígbà tí àtúnyẹ̀wò ṣì ń lọ. Bí ẹ bá sì gba lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ ART pé àwọn rí ọ̀rọ̀ kan tó lè ba ẹjọ́ yín jẹ́, bóyá pé ẹnì kan ti fẹ̀sùn kàn yín rí pé ẹ kò san owó òṣìṣẹ́ pé, ẹ dá a lóhùn ní kíkún kí ọjọ́ tí wọ́n dá tó kọjá. Òfin fàyè gbà wọ́n láti gbójú fo irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bí ìdí tó bọ́gbọ́n mu bá wà, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ ó fi ìdí náà lé wọn lọ́wọ́.

Ìbéèrè: Ọ̀gá mi ní òun yóò gbé ìfàkalẹ̀ lọ sí ART bí mo bá lè san owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí òun san tẹ́lẹ̀ padà fún òun, díẹ̀díẹ̀ láti inú owó oṣù mi. Mo fẹ́ gbà. Ṣé ó burú? — *Ẹni tí ọ̀rọ̀ kò yé mọ́, Adelaide*

Ìdáhùn: Ó burú. Ẹ má gbà.

Owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àti owó ìfàkalẹ̀, agbanisíṣẹ́ ni òfin dì í lé lórí, kò sì gbọ́dọ̀ gbà á padà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ lọ́nà èyíkéyìí, yálà lẹ́ẹ̀kan náà tàbí díẹ̀díẹ̀, yálà ní gbangba tàbí kí òṣìṣẹ́ máa lọ gba owó jáde ní báńkì ní gbogbo ọjọ́ owó kó sì dá apá kan padà fún ọ̀gá. Láti ọjọ́ 14, oṣù Kejìlá, ọdún 2015 ni òfin ilẹ̀ náà ti sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti bèèrè tàbí gba àǹfààní nítorí ìgbọ̀wọ́ físà. Ohun tí àwọn ènìyàn wa kì í fẹ́ gbọ́ ni pé ẹni tó san án náà kò mọ́: ìtanràn lè kan án, wọ́n sì lè fagi lé físà rẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, ọ̀gá tó ń gba apá kan owó oṣù yín padà ti sọ iye tó kọ sínú ìfàkalẹ̀ di irọ́, ìwé báńkì yín ni yóò sì jẹ́rìí sí i.

Ẹ lè san owó físà tiyín àti owó àtúnyẹ̀wò tó kan físà tiyín. Ìyẹn kò lẹ́bi. Bí ọ̀gá bá ní kí ẹ bá òun san owó àtúnyẹ̀wò tòun, ẹ má ṣe fi kọ́bọ̀ kan ránṣẹ́ kí ẹ tó bá agbẹjọ́rò tí kì í ṣe ti ọ̀gá sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń gbani nímọ̀ràn lórí físà ní Ọsirélíà gbọ́dọ̀ jẹ́ agbẹjọ́rò tó ní ìwé àṣẹ tàbí aṣojú tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé Office of the Migration Agents Registration Authority, ẹnikẹ́ni sì lè wá orúkọ nínú ìwé náà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ẹni tó ń ràn yín lọ́wọ́ kò bá sí nínú èyíkéyìí nínú méjèèjì, ẹ sá fún un, ì báà ṣe ọmọ ìlú yín.

Ìbéèrè: Ìfàkalẹ̀ tèmi ti wà níwájú ART láti ìgbà pípẹ́. A ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé wọ́n ti ta iléeṣẹ́ náà. Ọ̀gá tuntun fẹ́ràn mi, ó ní kí n má ṣe bẹ̀rù, pé ohun gbogbo yóò máa lọ bó ṣe ń lọ. Ṣé kí n fọkàn balẹ̀? — *Òǹkàwé yín, Darwin*

Ìdáhùn: Ẹ má tíì fọkàn balẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wádìí ohun tí wọ́n tà.

Bí ó bá jẹ́ ìpín ìdókòwò nínú kọ́ńpìnnì ni ọwọ́ rẹ̀ yí padà, kọ́ńpìnnì tó fà yín kalẹ̀ ṣì wà, òun náà ló sì ń jẹ́ olùpẹ̀jọ́ ní ART; ẹni tó ni ín nìkan ló yí padà. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ òwò náà, ẹrù inú rẹ̀ àti àwọn oníbàárà rẹ̀ ni wọ́n tà fún kọ́ńpìnnì mìíràn, ẹni tó fà yín kalẹ̀ kò ní iṣẹ́ tó sọ pé òun fẹ́ gbà yín sí mọ́. ART ń wo bí nǹkan ṣe rí ní ọjọ́ ìpinnu, agbanisíṣẹ́ tí kò ní òwò mọ́ kò sì lè jàre, bó ti wù kí ìfàkalẹ̀ rẹ̀ dára tó ní ọjọ́ tó fi í sílẹ̀. Ọ̀gá tuntun kò lè wọ bàtà ọ̀gá àtijọ́ nínú ẹjọ́ náà. Ọ̀nà tó rọrùn jù láti mọ̀ ni kí ẹ wo ABN, nọ́ńbà oní-dígíìtì 11 tí ìjọba fi ń dá òwò mọ̀, tó wà lórí ìwé owó oṣù yín kí wọ́n tó tà á àti èyí tó wà lórí ti oṣù yìí. Bí nọ́ńbà náà bá ti yàtọ̀, ẹ pe agbẹjọ́rò yín kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí.

Bí ó bá sì wá jẹ́ pé físà 482 ṣì wà lọ́wọ́ yín, ẹ rántí pé onígbọ̀wọ́ rẹ̀ ni ẹni tó ni ín gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ fún nígbà tí iṣẹ́ wọn bá ṣì ń lọ. Láti ọjọ́ 1, oṣù Keje, ọdún 2024, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú onígbọ̀wọ́ bá parí ní ọjọ́ 180 lẹ́ẹ̀kan láti wá òmíràn, gbogbo rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ ju ọjọ́ 365 lọ láàárín gbogbo àkókò físà náà; ọjọ́ 60 ni tẹ́lẹ̀. Inú àkókò yìí ni kí ọ̀gá tuntun tó fẹ́ràn yín ti di onígbọ̀wọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí, kó sì fà yín kalẹ̀ lórúkọ ara rẹ̀.

Ìbéèrè: ART ti kọ ìfàkalẹ̀ iléeṣẹ́ wa. Ṣé ó tún kù síbì kan? — *Akọ̀wé iléeṣẹ́, Sydney*

Ìdáhùn: Ilé ẹjọ́ ló kù, ìyẹn Federal Circuit and Family Court of Australia, ọjọ́ 35 láti ọjọ́ ìpinnu ART sì ni òfin fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ kì í wò ó bóyá iṣẹ́ yín jẹ́ òótọ́, kì í sì í gba ìwé owó oṣù tuntun láti fi dá a lójú. Ohun kan ṣoṣo tó ń wá ni bóyá ART ṣe àṣìṣe nínú òfin tó lágbára tó láti sọ ìpinnu rẹ̀ di asán, irú bíi pé ó gbójú fo ẹ̀rí pàtàkì tí ẹ kó síwájú rẹ̀, tàbí pé kò fún yín láyè láti fèsì sí ohun tó fi dá yín lẹ́bi. Bí ẹ bá jàre níbẹ̀, iwájú ART náà ni wọn yóò tún dá yín padà sí. Kí ẹ tó náwó lọ́yà, ẹ tún ka ìpinnu ART náà, kí ẹ sì fa ìlà sábẹ́ gbogbo ibi tó ti sọ pé ẹ̀rí kò tó. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀rí tó ní kò tó náà wà ní ọ́fíìsì yín, tí ẹ kò kàn kó o lọ ni, ìfàkalẹ̀ tuntun ni ẹ nílò.